Ẹ Gun Òkè Patti Kí Oòrùn Tó Mú: Èsì fún Ẹni Tó Fẹ́ Fi Ẹsẹ̀ Rin Lọ́kọ́ja

Ẹ kú ìbéèrè. Ẹ ní ọjọ́ Sátidé kan ṣoṣo ni ẹ̀yin àti ìyàwó yín ní, ẹ sì fẹ́ mọ̀ bóyá ó tó láti fi ẹsẹ̀ rìn káàkiri Lọ́kọ́ja, kí ẹ sì rí ibi tí odò Ọya àti odò Bẹ́núé ti pàdé. Ó tó, bí ẹ bá gun Òkè Patti ní ìdájí. Bí ẹ bá fi òkè náà sí ọ̀sán, ọjọ́ yín ti bàjẹ́ nìyẹn.

Òṣìṣẹ́ tí mo béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ilé ìtura tí mo dé sí, tí ó wọ aṣọ iṣẹ́ tó gún régé, tó sì tẹ́ àwòrán ìlú sílẹ̀ níwájú rẹ̀, fi dá mi lójú pé ìrìn kékeré ni, pé kí n kọ́kọ́ jẹun ọ̀sán ná. Kò sọ fún mi pé ìsàlẹ̀ láàárín òkè àti odò ni wọ́n tẹ ìlú náà dó sí, àti pé ooru ibẹ̀ kì í ṣe ti eré, pàápàá ní oṣù kẹta àti oṣù kẹrin. Ọ̀nà tó gun òkè náà rí kọ́lọkọ̀lọ; nígbàkígbà tí mo bá rò pé kọ́nà tó kàn ni yóò gbé mi dé orí rẹ̀, kọ́nà mìíràn ni mo ń bá níwájú. Oòrùn ń jó mi láti òkè, ọ̀dà ojú ọ̀nà sì ń jó mi láti ìsàlẹ̀. Omi tí mo gbé dání tán kí n tó dé ìdajì, n kò sì rí ẹni kankan tó ń ta omi. Orí ń fọ́ mi, òòyì ń kọ́ mi, ni mo bá jókòó sábẹ́ igi kan títí ọkàn mi fi rọlẹ̀, tí àwọn ọlọ́kadà tó ń gbé èrò kọjá sì ń wò mí tàánútàánú. Nígbà tí mo dé òkè, kùrukùru ooru ti bo odò méjèèjì, àwọ̀ omi wọn tó yàtọ̀ síra, tí mo torí rẹ̀ gòkè, kò hàn rárá. Òṣìṣẹ́ yẹn kò tíì fi ẹsẹ̀ gun òkè náà rí. Ó jẹ́wọ́ fún mi nígbà tí mo padà.

Orí òkè náà tẹ́ pẹrẹsẹ, ilé ìsinmi Lugard, òyìnbó tó ṣe olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Àríwá nígbà náà, sì wà níbẹ̀. Atọ́nà tí ẹ óò bá lè sọ fún yín pé ibẹ̀ ni Flora Shaw, obìnrin akọ̀ròyìn ará Gẹ̀ẹ́sì, dúró sí tó ń wo odò, tó fi sọ orílẹ̀-èdè yìí ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n inú ìwé ìròyìn The Times ti Lọ́ńdọ̀nù ni ó ti dábàá orúkọ náà ní ọjọ́ 8 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1897, ọdún 1902 ni ó sì tó fẹ́ Lugard. Nígbà tí mo wí bẹ́ẹ̀, atọ́nà tèmi dáhùn pé èmi kà á nínú ìwé ni, òun ń gbé ìlú. Ẹ san owó rẹ̀, ẹ má bá a jiyàn. Èyí tó dájú ni pé Lọ́kọ́ja ni Lugard ti ta àsíá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sókè ní ọjọ́ 1 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1900.

Bí ẹ bá ti sọ̀ kalẹ̀, ìyókù rọrùn: ẹ béèrè irin méjì tí wọ́n rì mọ́ ibi tí wọ́n ti ń dá ẹrú sílẹ̀, ní ọgbà ilé ẹ̀kọ́ Holy Trinity, kí ẹ sì ya ibi ìsìnkú àwọn òyìnbó. Àjàyí Crowther wà nínú ìrìn àjò tó gba odò Ọya dé agbègbè yìí ní ọdún 1841, ibà sì pa ọ̀pọ̀ òyìnbó tó bá a wá. Nígbà tí Baikie, dókítà òyìnbó kan, darí ìrìn àjò mìíràn ní 1854, tó ń fún àwọn tó bá a lọ ní kíníìnì, oògùn ibà, lò, kò sí òyìnbó tó kú. Ẹ̀fọn etí odò kò tíì kó lọ o. Ẹ wọ aṣọ alápá gígùn bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú.

Ẹ má ṣe rìn létí títì márosẹ̀ tó lọ sí Àbújá, nítorí àwọn ọkọ̀ agbépo kì í dẹ eré. Bí ó bá jẹ́ oṣù kẹsàn-án tàbí ìkẹwàá ni ẹ ń lọ, ẹ kọ́kọ́ béèrè bí odò ṣe kún tó, torí pé ní 2012 àti 2022 ó wọ ilé àwọn èèyàn.

Ní ti ìpàdé odò tí ẹ béèrè gan-an, orí òkè ni ẹ ti máa rí i jù lọ, ní àárọ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi dé ibẹ̀, ẹ wò ó bóyá ẹ̀wù ìdáàbòbò wà fún ẹ̀yin méjèèjì. Bí kò bá sí, ẹ padà. Owó àlọ àti àbọ̀ ni kí ẹ dá pa pọ̀ kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀ sínú ọkọ̀. Àárín odò ni a wà nígbà tí ẹni tó ń tu tèmi ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé àlọ nìkan ni mo san.