Mo Ti Kọ́ Ohun Tí Mo Fẹ́ràn Sórí, Síbẹ̀ N Kò Lè Sọ Èdè Faransé

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Olùkọ́. Aṣọ ni mo ń tà, Cotonou ni mo sì ti ń ra ọjà. Wọ́n ní kí n fi àwọn ohun tí mo fẹ́ràn bẹ̀rẹ̀ èdè Faransé, mo sì ti kọ́ gbólóhùn 40 sórí. Ẹnì kan tún ta ohùn tí a gbà sílẹ̀ fún mi pé kí n máa tàn án bí mo bá ń sùn. Síbẹ̀, n kò lè dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Ṣé ọjọ́ orí mi ló fà á?

Ìdáhùn: Ọjọ́ orí yín kọ́, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn gba owó lọ́wọ́ yín mọ́. Irú ẹjọ́ báyìí ti pọ̀ jù létí mi. Ẹni tó ní ẹ lè sùn kí ẹ sì jí pẹ̀lú èdè tí ẹ kò gbọ́ rí, ọjà rẹ̀ ló ń tà. Ẹ pa ohùn náà, kí ẹ sùn dáadáa.

Ẹni tó ní kí ẹ fi ohun tí ẹ fẹ́ràn bẹ̀rẹ̀ kò ṣì yín lọ́nà. Àṣìṣe tó wà níbẹ̀ ni pé ẹ sọ ọ̀rọ̀ tó yẹ kí ẹni méjì jọ máa sọ di àkọ́sórí. Kò sí ará Cotonou tí yóò dúró gbọ́ gbólóhùn 40 tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “j'aime”, ìyẹn “mo fẹ́ràn”; bí ẹ bá fi máa sọ ìkejì, ó ti bi yín pé “pourquoi?”, ìyẹn ni pé kí ló dé, ẹnu yín á sì wọhò. Nítorí náà, ìbéèrè ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ́. “Vous aimez l'igname pilée?” ni a fi ń béèrè bóyá ènìyàn fẹ́ràn iyán. Ó lè ní “oui, j'adore ça”, bẹ́ẹ̀ ni, mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, ó sì lè ní “non, je préfère la pâte”, rárá, “pâte” ló wù mí jù, tí í ṣe òkèlè àgbàdo. Ẹ̀yin náà á sọ tiyín, ẹ ó sì fi “et vous?”, ìyẹn “ẹ̀yin ńkọ́?”, dá ọ̀rọ̀ padà sí i. Bí ẹ bá lè fi gbólóhùn márùn-ún péré ṣe báyìí, tí ẹ ń kúrò lórí oúnjẹ bọ́ sórí aṣọ, tí ẹ tún bọ́ sórí àwọ̀, ẹ ti ń sọ Faransé nìyẹn. “Vous” ni kí ẹ máa lò, bí a ṣe ń lo “ẹ” fún ẹni tí a bọ̀wọ̀ fún.

Ohun kan tún wà tó máa ń fi àwa Yorùbá hàn. “Mo fẹ́ràn ìrẹsì” ti pé lọ́dọ̀ wa, nítorí náà a ó sọ pé “j'aime riz”. “J'aime le riz” ni, bí ẹ kò bá sì fẹ́ràn rẹ̀, “je n'aime pas le riz”. “Le” kò kúrò níbẹ̀. Ẹ má fi “du” rọ́pò rẹ̀: “je mange du riz” tọ̀nà, torí pé ìwọ̀nba ìrẹsì ni ènìyàn ń jẹ, ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ràn ìrẹsì, gbogbo ìrẹsì ló ń wí. Ẹ sì ṣọ́ra lọ́dọ̀ oníbàárà o: ọ̀rọ̀ olólùfẹ́ ni “je vous aime”. Bí ó bá di dandan, ẹ fi “bien” kún un, kí ó di “je vous aime bien”.

N kò tíì gbọ́ bí ẹ ṣe ń pe ọ̀rọ̀, n kò sì lè ṣèlérí ìgbà tí yóò yọ̀ mọ́ yín lẹ́nu. Bí ẹ bá ní ìdánwò DELF A1, ìdánwò èdè Faransé fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, lọ́kàn, wọ́n lè bi yín ní ohun tí ẹ fẹ́ràn nínú apá tí a ń fi ẹnu ṣe, ṣùgbọ́n olùdánwò lè já lu ọ̀rọ̀ yín nígbàkigbà. Ẹ wá ẹnì kan tí yóò máa já lù yín láti ìsinsìnyí.