Ọ́ìlì síntẹ́tíìkì fún Corolla tó ń ná Ìkòròdú sí Ọjọ́ta

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní mẹkáníìkì yín sọ pé 5W-30 síntẹ́tíìkì ṣàn bí omi, pé yóò mú Corolla 2005 yín máa jò, àfi kí ẹ padà sí 20W-50 tí gbogbo èèyàn ń dà. Nǹkan méjì ló pa pọ̀ mọ́ra wọn. Nọ́mbà ara gálọ̀nù ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ki tó: èyí tó ṣáájú W jẹ́ ti ìgbà tí ẹ́ńjìnì tutù, èyí tó kẹ́yìn jẹ́ ti ìgbà tó gbóná dé 100°C. Síntẹ́tíìkì ní tirẹ̀ ń sọ bí wọ́n ṣe ṣe é. 20W-50 síntẹ́tíìkì wà lọ́jà, 10W-30 lásán náà sì wà. 5W-30 ni Toyota fúnra wọn kọ fún ẹ́ńjìnì yín.

Epo rọ̀bì tí wọ́n fọ̀ ni ọ́ìlì lásán. Ìda bíi ti àbẹ́là ṣì kù nínú rẹ̀. Ti síntẹ́tíìkì, wọ́n tún un tò débi pé horo rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, òun ló fi ń fara da ooru. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ló sì ń fi èyí hàn. Láti Agric dé Mile 12, ẹ́ńjìnì lè ṣiṣẹ́ ju wákàtí kan lọ kí kìlómítà má pọ̀ rárá. Ọ́ìlì lásán á sè títí yóò fi di ẹrẹ̀ dúdú, tí yóò dí ihò ọ̀nà ọ́ìlì, tí ríìnì písítìnì (òrùka irin tó yí písítìnì ká) yóò sì há. Lójú ọ̀nà yìí, mi ò ní jẹ́ kí ọ́ìlì lásán kọjá 4,000 km tàbí oṣù 3 kí n tó pààrọ̀ rẹ̀. Síntẹ́tíìkì lè dé 8,000 km tàbí oṣù 6.

Síntẹ́tíìkì kì í lu síìlì, ìyẹn rọ́bà tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jò. Ẹrẹ̀ àtijọ́ ló dí ojú síìlì tó ti gbó. Tí ọ́ìlì tuntun bá fọ̀ ọ́ kúrò, jíjò tó ti wà níbẹ̀ á hàn. Àmọ́ bí ẹ́ńjìnì bá ń mu ọ́ìlì tó lítà 1 láàárín 1,000 km, ẹ tún ríìnì ṣe ná, ẹ má fowó ṣòfò.

Bí ẹ bá fẹ́ yí i: ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì gbóná fún ìṣẹ́jú 5, kí ẹ fi súpánà 14 tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀, kó kán fún ìṣẹ́jú 15. Ẹ pààrọ̀ fílítà, ẹ fi ọ́ìlì tuntun pa rọ́bà rẹ̀, ọwọ́ lásán ni kí ẹ fi dè é. Lítà 3.7 ló ń gbà, nítorí náà ẹ má da gálọ̀nù lítà 4 náà tán sínú rẹ̀. Ẹ da 3.5, ẹ tan ọkọ̀ fún ìṣẹ́jú 1, ẹ pa á, ẹ dúró ìṣẹ́jú 5, kí ẹ tó wo géèjì (ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì) kí ẹ sì fi kún un. Bó bá pọ̀ jù, kíráǹkì, irin tó ń yí nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnì, á lù ú títí yóò fi hó bí ọṣẹ, ọ́ìlì tó hó kì í sì í dáàbò bo irin. Ẹ tètè da síntẹ́tíìkì àkọ́kọ́ yẹn nù ní 3,000 km, torí ìdọ̀tí àtijọ́ ló máa kó.

Ẹ wo ìdè ẹnu gálọ̀nù dáadáa kí ẹ tó sanwó. Tó bá ti ṣófo, ẹ gún un ní ihò kí ẹ tó jù ú nù. Irú rẹ̀ ni àwọn tó ń po ayédèrú ń wá kiri.