Káńsù ṣèlérí fún ọmọ mi: kí ni mo lè dì mú?

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 6, ní ọ́tísìmù. Káńsù wa níbí ní London fọwọ́ sí ìwé ìlérí pé àwọn yóò dúró ti ọmọ tó ní ìpèníjà àti ẹbí rẹ̀. Mo pè wọ́n, wọ́n ní kí n máa retí. Ọ̀rẹ́ mi tún ní kí n má béèrè nǹkan kan, pé físà wa ò fàyè gba owó ìjọba. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà. Ìlérí yẹn dáa, àmọ́ òfin ni kí ẹ dì mú. Children Act ti 1989 ti ka ọmọ tó bá ní ìpèníjà mọ́ àwọn tó nílò ìrànlọ́wọ́. Ẹ ò tún ní í bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Ẹ kọ̀wé sí ẹ̀ka ọmọdé ní káńsù yín, kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò ohun tí ọmọ náà nílò, àti ti ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú rẹ̀. Ìlànà ìjọba fún wọn ní ọjọ́ iṣẹ́ 45 láti parí ti ọmọ náà.

Ọ̀pọ̀ òbí wa máa ń bo ọ̀rọ̀ ilé mọ́lẹ̀ nínú irú ìwé yìí. Wọ́n á kọ “nǹkan ò fi bẹ́ẹ̀ rọrùn.” Ta ni ìyẹn fẹ́ yé? Tó bá jẹ́ pé aago 2 òru ló ń jí tí kì í sùn mọ́, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Tó bá ti ṣílẹ̀kùn sá bọ́ sí títì rí, ẹ kọ ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀. Ohun tí social worker bá rí kà ló máa gbé yẹ̀ wò. Tí àyẹ̀wò bá sì fi hàn pé dandan ni ìrànlọ́wọ́ kan lábẹ́ òfin ọdún 1970 fún àwọn tó ní ìpèníjà (Chronically Sick and Disabled Persons Act), káńsù ò lè fi “kò sówó” yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.

Ti ilé ìwé yàtọ̀: EHCP (Education, Health and Care Plan), ìyẹn ètò ìrànlọ́wọ́ fún ẹ̀kọ́ ọmọ tó ní ìpèníjà, ni ẹ ó béèrè lọ́wọ́ káńsù. Ọ̀sẹ̀ 6 ni wọ́n ní láti fèsì bóyá wọ́n máa ṣàyẹ̀wò, ọ̀sẹ̀ 20 fún gbogbo rẹ̀. Tí wọ́n bá kọ̀, ẹ ní oṣù 2 láti ọjọ́ orí lẹ́tà láti gbé e lọ síwájú ìgbìmọ̀ olùgbẹ́jọ́ SEND, tó ń gbọ́ ẹjọ́ ẹ̀kọ́ ọmọ tó nílò àkànṣe ìrànlọ́wọ́. Ẹ wá SENDIASS àdúgbò yín, tó ń gba òbí nímọ̀ràn, tàbí IPSEA, àjọ aláàánú tó ń gbani nímọ̀ràn lórí òfin ẹ̀kọ́ yìí, ọ̀fẹ́ ni.

Ní ti físà, ọ̀rẹ́ yín sọ ààbọ̀ òótọ́. DLA (Disability Living Allowance), owó ìrànwọ́ fún ọmọ tó ní ìpèníjà, wà lára owó ìjọba tí físà bẹ́ẹ̀ ń kọ̀. Ẹ má fọwọ́ kàn án láìbi agbẹjọ́rò físà. Àmọ́ EHCP àti ìrànlọ́wọ́ tí káńsù ń ṣe fún ọmọ lábẹ́ abala 17 Children Act ò sí lára rẹ̀.

Tí ọjọ́ iṣẹ́ 45 bá kọjá láìsí èsì, ẹ fi ẹ̀sùn ránṣẹ́ sí káńsù fúnra rẹ̀, kí ẹ so ojú ewé ìlérí yẹn mọ́ ọn. Ibẹ̀ gan-an ló ti wúlò. Tí wọn ò bá yanjú ẹ̀, ẹ kọjá sọ́dọ̀ Ombudsman, ọ́fíìsì tó ń gbọ́ ẹ̀sùn lórí káńsù, kó tó pé oṣù 12 láti ọjọ́ tí ẹ ti mọ̀ nípa ìṣòro náà.