Ìbéèrè Yín: Mo ti fèrèsé ètò náà, àmọ́ server rẹ̀ kò lọ

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, olóòtú. Ètò ìtọ́jú àkọsílẹ̀ kan wà lórí kọ̀ǹpútà Windows mi, PostgreSQL sì ni server rẹ̀. Bí mo bá ti fèrèsé client, server kì í lọ. Bí mo bá sì tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, yóò sọ pé ẹlòmíràn ti ń lo port 5432 (nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà tí client ń gbà bá server sọ̀rọ̀). Task Manager ni mo fi ń pa á tipátipá. Ṣé kò léwu?

ÌDÁHÙN: Ó léwu, a ó sì sọ ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó ń rú yín lójú ni kí a kọ́kọ́ tú. Fèrèsé tí ẹ ń tì kì í ṣe ètò náà lódindi. Client ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín, ó ń gbé e lọ fún server, ó sì ń mú èsì bọ̀. Ọwọ́ server ni àkọsílẹ̀ wà. A mọ̀ọ́mọ̀ yà wọ́n sọ́tọ̀ ni, nítorí pé client mìíràn, bóyá láti orí kọ̀ǹpútà mìíràn, lè ṣì máa bá server sọ̀rọ̀ nígbà tí ẹ bá ń ti tiyín. Ìkìlọ̀ nípa port yẹn kò ju pé server àtẹ̀yìnwá ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́: ẹ má bẹ̀rẹ̀ òmíràn, ẹ kàn ṣí client.

Ní ti fífi ipá pa á, PostgreSQL gba ara rẹ̀ là dé ìwọ̀n kan, nítorí pé ó ń kọ gbogbo àyípadà sínú àkọsílẹ̀ kan tí à ń pè ní WAL kí ó tó kọ ọ́ sínú fáìlì dátà gan-an, WAL yìí ni yóò sì tún kà nígbà tí ó bá jí. Iṣẹ́ tí kò tíì parí nígbà tí ẹ pa á ti ṣòfò. Ọ̀pọ̀ server kéékèèké kò tilẹ̀ ní irú ààbò yìí, fáìlì wọn sì lè bàjẹ́ láàárín kíkọ. Èyí ni ó ń bà wá lẹ́rù jù.

Ẹ kọ́kọ́ ti gbogbo client, kí ẹ ṣí services.msc (ibi tí Windows to àwọn ètò tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀ sí), kí ẹ wá orúkọ PostgreSQL níbẹ̀, kí ẹ sì tẹ Stop. Bí ó bá jẹ́ pé pg_ctl, àṣẹ tí PostgreSQL ní fún bíbẹ̀rẹ̀ àti dídá server dúró, ni ẹ fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, pg_ctl stop ni kí ẹ fi dá a dúró. Láti ẹ̀yà 9.5, ọ̀nà tí a ń pè ní fast ni ó máa ń lò bí ẹ kò bá yan òmíràn: yóò já gbogbo client, yóò dá iṣẹ́ tí kò parí padà sí bí ó ti wà tẹ́lẹ̀, yóò sì pa dé wẹ́rẹ́. Ọ̀nà smart máa ń dúró títí gbogbo client yóò fi lọ fúnra wọn. Ẹ yàgò fún immediate, nítorí kò yàtọ̀ sí kí iná lọ lójijì.

Nígbà ìbẹ̀rẹ̀, server ni ó ń ṣáájú, client ni ó ń tẹ̀lé e. Bí server bá kọ̀ láti jí nítorí fáìlì postmaster.pid (èyí tí server fi ń sàmì pé òun wà lẹ́nu iṣẹ́) tí ó ṣẹ́ kù nílẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pa fáìlì náà rẹ́ àfi tí ó bá dá yín lójú pé kò sí PostgreSQL kankan tí ń ṣiṣẹ́ lórí dátà yẹn, torí bí server méjì bá jọ ń kọ̀wé sínú fáìlì kan náà, àkọsílẹ̀ yín lè bàjẹ́ kọjá àtúnṣe.