Ṣé Kẹ̀kẹ́ Ló Ń Pa Kọ̀ǹpútà Mi?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere lọ síbi iṣẹ́. Inú báàgì tí mo so mọ́ káríà ẹ̀yìn ni kọ̀ǹpútà alágbèéká mi máa ń wà, ọ̀nà náà sì rí gbágungbàgun. Láti bí oṣù mélòó kan, kọ̀ǹpútà yìí ti ń wọ́ bí ìgbín. Nígbà mìíràn, tí mo bá yọ ọ́ nínú báàgì, á ti gbóná janjan, bátìrì tó kún nígbà tí mo kúrò nílé á sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ọ̀rẹ́ mi kan ní gbígbọ̀n kẹ̀kẹ́ ló ti bà á jẹ́ nínú. Èkejì ní rárá, Windows 10 tó wà lórí ẹ̀ ló ti kú, òun kà á nínú ìròyìn, kí n yáa lọ ra òmíràn. Fóònù mi náà ń bẹ lórí ọwọ́ kẹ̀kẹ́, òun ni mo fi ń wo ọ̀nà. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀ nínú àwọn méjèèjì?

ÌDÁHÙN

Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé. Èmi náà ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, nítorí náà ẹjọ́ yìí kàn mí lápá méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹ kàn sọ kọjá, pé kọ̀ǹpútà ń gbóná nínú báàgì. Ibẹ̀ ni màá ti bẹ̀rẹ̀. Kọ̀ǹpútà tí a bá pa kì í gbóná, bátìrì ẹ̀ kì í sì í tán lójú ọ̀nà. Bó bá gbóná, a jẹ́ pé ẹ ò pa á. Ẹ kàn dé e ni. Kọ̀ǹpútà tí a dé máa ń sùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n oorun ọdẹ tó ń ṣọ́lé ni: ojú ló dì, etí ò dì. Àwọn tuntun inú wọn tiẹ̀ máa ń jí díẹ̀díẹ̀ bíi fóònù, láti wò bóyá ìmẹ́èlì wọlé tàbí bóyá ìmúdójúìwọ̀n dé. Èyí tó ti pẹ́ díẹ̀ náà, iṣẹ́ tí Windows fúnra ẹ̀ ti yí aago dè lè jí i nígbàkígbà.

Ibi tí kẹ̀kẹ́ ti wọ ọ̀rọ̀ nìyí. Ṣé ẹ máa ń ju máòsì sínú báàgì kan náà, tí ohun kékeré tó fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ ṣì wà lójú USB? Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ni máòsì lè jí. Kẹ̀kẹ́ á bọ́ sí kòtò, máòsì á mì, kọ̀ǹpútà á rò pé ọ̀gá òun ti dé, á dìde. Kò sì sí afẹ́fẹ́ nínú báàgì, ooru tí fáànù bá fẹ́ jáde ni yóò tún máa fà wọlé. Mo ní oníbàárà kan tó pààrọ̀ bátìrì lẹ́ẹ̀mejì kí a tó mọ̀ pé máòsì ni.

Ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín. Lọ́jọ́ tó bá tún gbóná, ẹ ṣí "Command Prompt", ojú dúdú tí a ń tẹ àṣẹ sí nínú Windows, ẹ tẹ powercfg /lastwake sí i, kí ẹ tẹ Enter. Á sọ ohun tó jí i gbẹ̀yìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń dákẹ́ nígbà mìíràn. Bó bá dárúkọ máòsì, ẹ lọ sí "Device Manager", ẹ wá máòsì yẹn, ẹ ṣí "Power Management", kí ẹ yọ àmì tó wà níwájú "Allow this device to wake the computer". Bó bá dákẹ́ tàbí tó dárúkọ nǹkan mìíràn, ẹ lọ sí "Power Options" nínú "Control Panel", níbi tí wọ́n ti ń béèrè ohun tí kọ̀ǹpútà máa ṣe tí ẹ bá dé e. Ẹ yan "Hibernate" tàbí "Shut down". Hibernate á kó ohun tí ẹ ń ṣe lọ́wọ́ pamọ́ sórí dísìkì, á sì paná pátápátá. Tí ẹ ò bá rí i níbẹ̀, Shut down náà tó. Ẹ dúró kí iná ara ẹ̀ kú tán kí ẹ tó kì í bọ báàgì, ẹ má kánjú.

Ó yá, ẹjọ́ ọ̀rẹ́ yín àkọ́kọ́. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ lásán ló ń sọ, àmọ́ ó kù síbi irú ohun tí kọ̀ǹpútà yín ń kó iṣẹ́ pamọ́ sí. Hard disk jẹ́ àwo pẹlẹbẹ tó ń yí. Ti ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà alágbèéká ń yí ní ìgbà 5,400 láàárín ìṣẹ́jú kan. Orí tó ń ka ohun tó wà lára àwo yẹn kì í fara kàn án. Afẹ́fẹ́ tí yíyí àwo ń fà ló gbé e ró, àlàfo tó wà láàárín wọn ò sì ju nanometer mélòó kan lọ. Ẹ fa irun orí kan tu, kí ẹ wò ó: ó nípọn ju àlàfo yẹn lọ ní ọ̀nà ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Tí kẹ̀kẹ́ bá já sí kòtò nígbà tí àwo ń yí, orí lè gbá àwo, ibi tó gbá á ti di ojú ọgbẹ́. Nígbà tí a bá ti pa kọ̀ǹpútà ńkọ́? Orí náà á ti kúrò lórí àwo, á ti lọ sinmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nínú ìwé àlàyé ọ̀pọ̀ hard disk alágbèéká, ìkọlù tí wọ́n ní ó lè fara dà nígbà tó bá kú ju ìlọ́po méjì èyí tó lè fara dà nígbà tó bá ń yí. Àwọn tó ń ṣe kọ̀ǹpútà ti mọ̀ tipẹ́. Ní 2003, IBM fi ohun kan sínú ThinkPad, kọ̀ǹpútà alágbèéká wọn, tó ń mọ̀ ọ́n lára tí kọ̀ǹpútà bá ti ń já bọ́, kó lè yára gbé orí náà kúrò kó tó kanlẹ̀. Apple náà ṣe irú ẹ̀ ní 2005.

Ẹ wá mú un pọ̀ mọ́ ti máòsì. Ọ̀nà gbágungbàgun nìkan kọ́ ni ọ̀tá hard disk; ọ̀nà gbágungbàgun tí kọ̀ǹpútà sì lajú sílẹ̀ nínú báàgì ni. Ọdún mẹ́ta irú ẹ̀ tó láti dá ọgbẹ́ sí i lára. Hard disk tó ní ọgbẹ́ á máa ka ojú kan náà léraléra kó tó rí i kà, ẹ̀yin á sì máa wo róbótó tó ń yí lórí síkíríìnì.

Oríṣi kejì ni SSD. Kò sí ohun tó ń yí nínú ẹ̀, kẹ̀kẹ́ ò sì rí nǹkan ṣe fún un. Láti mọ èyí tí ẹ ní, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pa pọ̀, ẹ lọ sí "Performance", kí ẹ wo abẹ́ "Disk". Wọ́n á kọ HDD, ìyẹn hard disk, tàbí SSD síbẹ̀. Tó bá jẹ́ HDD, tó sì ń ka 100% nígbà tí ẹ ò ṣe nǹkan kan gidi, ibẹ̀ ni kí ẹ fura sí. Ẹ kọ́kọ́ da gbogbo iṣẹ́ yín kọ sórí nǹkan mìíràn. Tó bá ń dún kọ́kọ́kọ́, ẹ má tún tàn án láti wò ó bóyá á ṣe. Oníṣẹ́ ni kí ẹ gbé e fún. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n fi SSD rọ́pò ẹ̀. Nínú gbogbo iṣẹ́ tí mò ń ṣe lórí kọ̀ǹpútà tó ti dàgbà, kò sí èyí tí inú oníbàárà ń dùn sí tó bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ SSD ò ní gba síkíríìnì sílẹ̀. Káríà ò ní sípírìngì. Ohun tí táyà bá gbà ló ń gbé fún báàgì. Bí ẹ bá lè gbé e kọ́ ẹ̀yìn, ó sàn, nítorí ẹsẹ̀ àti ẹ̀yìn ènìyàn máa ń tẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ọ̀nà bá ń gbọ̀n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀wù yín á mọ̀ ọ́n lára. Bí káríà bá sì ni dandan, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ táyà yín. Wọ́n máa ń kọ ìwọ̀n afẹ́fẹ́ sí i, èyí tó kéré jù àti èyí tó pọ̀ jù. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń fẹ́ táyà kó le bí òkúta torí pé ó ń yá. Ẹ rọ̀ ọ́ díẹ̀, kó má ṣáà lọ sísàlẹ̀ èyí tó kéré jù. Nítorí irú gbígbọ̀n yìí náà ni John Boyd Dunlop fi ṣe táyà oníafẹ́fẹ́ ní Belfast, tó sì gba ìwé àṣẹ ẹ̀ ní 1888: kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí ọmọ ẹ̀ ń gùn ló ń gbọ̀n jù.

Nínú báàgì, ẹ fi fọ́ọ̀mù sídìí ẹ̀ kí igun kọ̀ǹpútà má kan ìsàlẹ̀, kí ẹ sì jọ̀ọ́ wá àpò mìíràn fún ṣájà. Mo ti rí síkíríìnì oníkẹ̀kẹ́ tí ṣájà fọ́ ju èyí tí ìṣubú fọ́ lọ. Ẹ tún wo ìdí kọ̀ǹpútà lórí tábìlì tó tẹ́jú. Bí kò bá jókòó dáadáa mọ́, tàbí tí ibi ìtẹ̀wé ti wú sókè, ooru ti ṣe bátìrì léṣe. Ẹ má tàn án, ẹ má fi ṣájà sí i, ẹ má sì gbé e gun kẹ̀kẹ́ mọ́ títí tí wọ́n á fi yọ bátìrì yẹn.

Steve Jobs, ọ̀kan nínú àwọn tó dá Apple sílẹ̀, fẹ́ràn láti máa fi kọ̀ǹpútà wé kẹ̀kẹ́. Ó ní ohun tí kẹ̀kẹ́ ṣe fún ẹsẹ̀ ènìyàn ni kọ̀ǹpútà ṣe fún ọpọlọ. Ó tiẹ̀ gbìyànjú láti yí orúkọ Macintosh, kọ̀ǹpútà Apple, padà sí Bicycle (kẹ̀kẹ́) kó tó jáde, àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ò dá a lóhùn. Ká ní wọ́n gbà ni, bí a ṣe ń gbé Bicycle lórí kẹ̀kẹ́ ni ẹ̀ bá máa bi mí.

Ti fóònù ò le. Ní oṣù kẹsàn-án 2021, Apple kìlọ̀ pé gbígbọ̀n ẹ́ńjìnnì alùpùpù ńlá, tó bá pẹ́ lára iPhone, lè ba kámẹ́rà ẹ̀ jẹ́, nítorí pé ohun kan wà nínú kámẹ́rà yẹn tó ń rìn kí àwòrán má bàa gbọ̀n. Kẹ̀kẹ́ ò ní ẹ́ńjìnnì, ewu ẹ̀ kéré sí i. Bó bá jẹ́ pé fóònù tówó ẹ̀ pọ̀ ni, ẹ wá ohun ìdìmú tó ní rọ́bà tó ń gba gbígbọ̀n mọ́ra, tàbí kí ẹ fi sápò kí ẹ máa gbọ́ ohùn ẹ̀.

Ọ̀rẹ́ yín kejì ka ìròyìn, àmọ́ àfàìmọ̀ ni kó má jẹ́ àkọlé nìkan ló kà. Ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 2025 ni Microsoft dáwọ́ àtìlẹ́yìn fún Windows 10 dúró, ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn tó jáde. Àtúnṣe ààbò ọ̀fẹ́ tó ń dé lóṣooṣù ló dúró. Ìyẹn kì í mú kọ̀ǹpútà falẹ̀, kì í sì í mú un gbóná nínú báàgì. Ewu ibẹ̀ ni pé ihò tí olè bá rí lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó máa dí i. Microsoft ṣí àfikún ọdún kan sílẹ̀ fún ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀, tó gbé e dé ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá 2026. Ẹ gba "PC Health Check" lọ́dọ̀ wọn, á sọ bóyá kọ̀ǹpútà yín lè gba Windows 11. TPM 2.0, ìyẹn ẹ̀yà ààbò inú kọ̀ǹpútà, ni wọ́n ń béèrè, àti processor, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, tí kò pẹ́ jù: fún ti Intel, irú èyí tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 2017, ìran kẹjọ wọn. Bó bá gbà, ọ̀fẹ́ ni. Bí kò bá gbà, Linux Mint wà, ètò ọ̀fẹ́ tó lè rọ́pò Windows, ẹ sì lè tọ́ ọ wò láti orí USB láìfọwọ́ kan ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí owó kọ̀ǹpútà tuntun ṣì wà níbi tó wà. Lálẹ́ òní, ẹ da iṣẹ́ yín kọ. Láàárọ̀ ọ̀la, ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ fi máòsì sápò ẹ̀wù, kí ẹ gba ọ̀nà tí ẹ máa ń gbà. Tí ẹ bá débi iṣẹ́, ẹ fọwọ́ kan ìdí ẹ̀ kí ẹ tó tàn án.