Ṣé Kí N Yí Bọ́ọ̀sì Mi sí Gáàsì, àbí Kí N Ra Oníná?

Ìbéèrè: Ọ̀gá mẹkáníìkì, ẹ kú iṣẹ́ o. Bọ́ọ̀sì akérò méjì ni mo ní tó ń ná Ìkòròdú sí Kẹ́tu. Dánfó ni ọ̀kan, bẹntiróòlù ló ń mu. Èkejì tóbi jù ú lọ, dísù ló ń lò. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023 ni ẹgbẹ́ wa ti ń sọ pé ká yí ọkọ̀ sí gáàsì CNG, gáàsì àdáyébá tí wọ́n ń rọ mọ́ inú sílíńdà. Ọmọ mi tó wà ní London ní gáàsì náà ń dá kún ooru ayé, pé oníná ni kí n rà. Ta ni kí n gbọ́?
— Alhaji kan, Ìkòròdú

Ìdáhùn: Alhaji, ẹ kú òwò o. Ọmọ yín ò parọ́, ẹgbẹ́ yín náà ò parọ́.

Ẹ yí dánfó yẹn. Ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù ti ní pọ́lọ́ọ̀gì tó ń ṣáná, òun náà ló máa tan gáàsì. Kábọ́nì, afẹ́fẹ́ tó ń mú ayé gbóná, tó ń gba ẹnu sàlẹ́ńsà jáde á sì fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin dín kù. Sílíńdà ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Nǹkan bí 200 bar, ìwọ̀n tí a fi ń mọ bí afẹ́fẹ́ ṣe le tó, ni wọ́n ń rọ gáàsì sí i, bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ táyà dánfó kì í ju bar mélòó kan lọ. Ajórinmọ́rin tó bá ní òun á jó sílíńdà fún yín, ẹ sá fún un. Irú sílíńdà àjómọ́ bẹ́ẹ̀ ló bú gbàmù ní ìlú Benin ní oṣù kẹwàá 2024.

Ti dísù ni mi ò fara mọ́. Kò ní pọ́lọ́ọ̀gì rárá, a fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ palẹ̀ kó tó lè jó gáàsì nìkan. Dísù kì í sì í fi epo ṣòfò bíi bẹntiróòlù, nítorí náà èrè kábọ́nì ibẹ̀ ò pọ̀. Gáàsì tí ò jóná, mítéènì ni. Láàárín 20 ọdún, ó ń mú ayé gbóná ju kábọ́nì lọ ní ìlọ́po 80 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí páìpù bá ń jò díẹ̀díẹ̀, èrè ti wọmi. Tí ẹ bá ti ń gbóòórùn rẹ̀ nínú dánfó pàápàá, ẹ gbé e lọ fún àwọn tó yí i sí gáàsì lójú ẹsẹ̀.

Ẹ fi àkísà funfun nu ẹnu sàlẹ́ńsà bọ́ọ̀sì ńlá yẹn. Tó bá dúdú, tó sì rin fún epo, nọ́sù ń kán dísù sílẹ̀ dípò kó máa fọ́n ọn. Owó yín ni èéfín dúdú yẹn, àwọn ọmọ iléèwé tó dúró ní Kẹ́tu láàárọ̀ ló sì ń fà á símú. Ó ń dùn mí. Ẹ tún nọ́sù ṣe, ẹ pààrọ̀ fílítà.

Oníná ló dára jù nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ wa: tó bá dúró, mọ́tò rẹ̀ ò jẹ nǹkan kan, tí dírẹ́bà bá tẹ bíréèkì, iná ń padà sínú bátìrì. Shenzhen ní Ṣáínà ti sọ gbogbo bọ́ọ̀sì rẹ̀, tó lé ní 16,000, di oníná ní 2017. LAMATA, àjọ ìrìnnà ìpínlẹ̀ Èkó, àti iléeṣẹ́ epo Oando gbé méjì àkọ́kọ́ wá sí Èkó ní 2023. Ọ̀nà BRT tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún bọ́ọ̀sì ńlá, níbi tí ọkọ̀ ti ń sùn sí gáréèjì kan tí iná wà, ni kó ti kọ́kọ́ pọ̀. Ẹni tó máa fi jẹnẹrétọ̀ dísù gba iná sí i, dísù kan náà ló ṣì ń jó.

Ẹ kọ iye lítà tí bọ́ọ̀sì ńlá yẹn ń mu lójúmọ́ àti iye èrò tó ń gbé ránṣẹ́ sí mi, ká jọ ṣírò bóyá kí ẹ tún un ṣe tàbí kí ẹ tà á.