Ṣé kí n mú ọmọ mi lọ wo Arsenal níbi tí wọ́n ti ń gbaradì?

Ìbéèrè: Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin òbí. Stevenage la wà. Ọmọkùnrin mi ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, Arsenal ló ń jẹ, òun náà ló ń mu. Bàbá rẹ̀ ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ nínú Junior Gunners, ẹgbẹ́ àwọn ọmọdé tó ń ṣe Arsenal, wọ́n wá ní àwọn máa ṣí Emirates, pápá ìṣeré Arsenal, lóṣù kẹjọ kí àwọn ọmọ lè wá wo ẹgbẹ́ náà níbi ìgbaradì. Ọjọ́ Sátidé ni, ọjọ́ kíláàsì Yorùbá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ máa wà níbi iṣẹ́, èmi nìkan ni mo máa mú òun àti àbúrò rẹ̀ dání, mi ò sì mọ nǹkan kan nípa bọ́ọ̀lù. Ṣé ó tó ohun tí èèyàn ń torí ẹ̀ pa kíláàsì jẹ? Mo tún fẹ́ kó kí Saka, ọmọ Yorùbá tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Arsenal, ní Yorùbá bí wọ́n bá sún mọ́ ibi tá a wà, ó ní òun ò ṣe. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ìyá Fọlárìn.

Èsì: Ìyá Fọlárìn, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o. Ẹ mú un lọ. Kíláàsì Yorùbá ò ní sá lọ, Saka ló lè sá lọ. Àwọn oníbọ́ọ̀lù kì í pẹ́ níbì kan.

Ẹ má jẹ́ kí àìmọ bọ́ọ̀lù yín já yín láyà. Èmi tí mo mọ díẹ̀, kí ló fi gbà mí? Ilé 3SC, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Shooting Stars, nilé wa ní Ìbàdàn. Bàbá mi ò jẹ́ ká gbádùn lórí ife ilẹ̀ Áfíríkà tí wọ́n gbà ní 1976 yẹn, bí ẹni pé òun àti Muda Lawal àti Ṣẹ́gun Odégbàmí ni wọ́n jọ gbé e wálé. Bí àwọn ẹ̀gbọ́n mi bá ti ilé ìwé dé, pápá ìṣeré Adamásingbà ló kàn, wọ́n á lọ wo àwọn agbábọ́ọ̀lù tó ń ṣe tirénì. Ta ló bi wọ́n ní tíkẹ́ẹ̀tì? Ẹni tó bá fẹ́ bá agbábọ́ọ̀lù sọ̀rọ̀ á dúró dè é lẹ́nu géètì, á bá a gbé báàgì. Nígbà tí Kanu wá lọ sí Arsenal ní 1999, tó sì jẹ góòlù mẹ́ta sáwọ̀n Chelsea láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ́dún yẹn náà, gbogbo ilé wa di ọmọ Arsenal láìṣe ìrìbọmi. Nítorí náà, nígbà tí ọmọ tèmi ní òun fẹ́ lọ sí Emirates, mo rò pé nǹkan ilé wa ló ń béèrè.

Ohun tí ẹ máa bá níbẹ̀ ò ju báyìí lọ. Àwọn aṣọ́lé àti ẹni tó ń kọ́ wọn ló sábà máa ń kọ́kọ́ jáde. Àwọn tó kù á tẹ̀ lé wọn, wọ́n á na ara, wọ́n á sáré díẹ̀, wọ́n á wá dúró yí ẹni kan tàbí ẹni méjì ká, wọ́n á máa ta bọ́ọ̀lù síra wọn láìjẹ́ kí ẹni tó wà láàárín fẹsẹ̀ kàn án. Èyí ni Fọlárìn máa fẹ́ràn jù, torí ìgbà yẹn ni wọ́n máa ń fira wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n á pín ara wọn, wọ́n á gbá bọ́ọ̀lù kékeré kan. Àbúrò rẹ̀ á ti máa béèrè ìgbà tí ẹ máa lọ sílé. Ẹ má fi dá Fọlárìn lójú pé ẹnikẹ́ni máa sáìnì nǹkan fún un. Bí wọ́n bá parí, àwọn agbábọ́ọ̀lù lè rìn yí etí pápá ká, wọ́n á máa juwọ́, òmíràn á dúró, òmíràn á kọjá, gbogbo ọmọ tó wà lókè á sì ya wálẹ̀ síbi irin ìdènà.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ tèmi ti wá.

Daniel lorúkọ ọmọ mi nílé ìwé. Àkànní ni ìyá mi ń pè é láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, òun lèmi náà ń pè é bínú mi bá dùn tàbí bí mo bá ń wá a. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà yẹn. A pàdé ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan lọ́hùn-ún, ọmọ òyìnbó, òun àti bàbá rẹ̀, wọ́n jókòó níwájú wa. Bí àwọn agbábọ́ọ̀lù ṣe ń bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa, èrò dìde. Mo fi ọwọ́ kan di àbúrò rẹ̀ mú, mo fi ìkejì di jẹ́sì rẹ̀ mú. Ẹ̀yin náà mọ aṣọ jẹ́sì, ó ń yọ̀. Kí n tó ṣẹ́jú, ó ti wọ àárín àwọn ọmọ yòókù, gbogbo wọn ló wọ pupa, ọ̀pọ̀ wọn ló ní 7 àti SAKA lẹ́yìn.

Mo pe Àkànní. Mo tún pè é. Mo wá fi gbogbo ohùn tí Ọlọ́run fún mi pè é, àwọn òyìnbó ń wẹ̀yìn wò mí. Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ tó wọ ẹ̀wù tó ń tàn yanran sáré wá, ó ní, "Mummy, ẹ fara balẹ̀, ta lẹ ń wá?" Ọmọ wa ni, ará Abẹ́òkúta ni mo fi ohùn rẹ̀ mọ̀. Ó ní aṣọ wo ló wọ̀. Mo ní pupa, nọ́ńbà 7. Ó wò mí. Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ, òun náà ń pe Àkànní, ó pè é bó ṣe yẹ ká pè é. Mo rí i tó ń tẹ̀ ba àwọn ọmọ, tó ń bi wọ́n léèrè níkọ̀ọ̀kan. Nígbà tó pa dà dé, ó ní òun bi ọmọ kan tó jọ mí bóyá òun ni Àkànní, ọmọ náà ní rárá. Ó ní kí n má bẹ̀rù, òun máa lọ wò ó lápá kejì.

Ẹni tí kò bá tíì wá ọmọ nínú èrò kò lè mọ̀ pé etí èèyàn máa ń di. Ẹnu àwọn èèyàn ń mì, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo gbé àbúrò rẹ̀ lé ìbàdí, mo já gbogbo àtẹ̀gùn yẹn wálẹ̀, mò ń ti èèyàn sọ́tùn-ún sósì. Ìdí irin ni mo ti bá a, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ti sáìnì jẹ́sì rẹ̀. Ibi tí ọmọ Abẹ́òkúta yẹn kọ́kọ́ lọ náà ni. Nígbà tí òun fúnra rẹ̀ dé tó rí wa, ó ní, "Mummy, òun kúkú ni mo bi!" Daniel ń wo bàtà rẹ̀.

Nínú ọkọ̀ ojú irin mo ní ṣé kò gbọ́ ni. Ó ní òun gbọ́. Mo ní kí ló dé tó fi ní òun kọ́. Ó ní, "Wọ́n bi mí bóyá èmi ni Àkànní." Ìyẹn nìkan ló sọ, títí dòní kò fi nǹkan kan kún un.

Ọkọ mi ní kí n fi ọmọ sílẹ̀, pé àwa náà la kọ́ ọ pé bí àjèjì bá mọ orúkọ ilé rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ dá a lóhùn. Lóòótọ́ la kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń wò. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìyá mi bá pè lórí WhatsApp tó ní "Àkànní ọkọ mi," kíákíá ló máa ń dáhùn, eyín rẹ̀ á sì fọ́n síta.

Èmi ò lè gbàgbé alẹ́ ọjọ́ kọkànlá oṣù keje 2021 ní tèmi. A jọ wo England àti Italy ni, àṣekágbá ife ilẹ̀ Yúróòpù. Ẹ rántí bí wọ́n ṣe bú Rashford, Sancho àti Bukayo Saka lórí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn pẹnáríti tí wọ́n pàdánù wọ̀nyẹn, ọmọ ọdún 19 péré ni Bukayo nígbà yẹn. Ọmọ mi kékeré gan-an ni, a rò pé kò gbọ́ ohun tí à ń sọ. Lọ́jọ́ kejì ló bi mí bóyá wọ́n máa dá Saka pa dà sí Nàìjíríà. Ọmọ tí wọ́n bí sí Ealing! Mo rẹ́rìn-ín, mo ní rárá o, mo fún un ní oúnjẹ. Bí mo bá rántí Emirates báyìí, ìbéèrè yẹn ló máa ń tẹ̀ lé e wá sọ́kàn mi.

Mo mọ̀ pé àwọn kan máa kà á, wọ́n á ní ká ní mo kọ́ ọmọ mi ní Yorùbá ni, ìwọ̀nyí ò ní ṣẹlẹ̀. Wọ́n ti sọ ọ́ fún mi rí. Nígbà tí kò tètè sọ̀rọ̀, olùkọ́ kan ní ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi rẹ̀ ló ní ká fẹnu kò sórí èdè kan ṣoṣo, kí ó sì jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ta ni èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí ìwé ìgbélùú mi ò tíì jáde, tí màá máa bá olùkọ́ jiyàn? Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe nílé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà. Àárọ̀ Sátidé tí kíláàsì Yorùbá máa ń wáyé, ìgbà yẹn ni mò ń sùn. Àwọn tó ń wàásù àṣà fún wa láti Bódìjà, ẹ lọ sílé wọn kẹ́ ẹ gbọ́ èdè táwọn ọmọ wọn ń sọ. Ọmọ tèmi ṣì ń sọ pé "ẹ káàárọ̀, mà." Tiwọn ń sọ "hi."

Ẹ jẹ́ kí n pa dà sórí ohun tí ẹ bi mí. Ọkọ̀ ojú irin wà láti Stevenage tó máa já yín sí Finsbury Park, ẹ lè fẹsẹ̀ rìn lọ láti ibẹ̀. Fóònù ni tíkẹ́ẹ̀tì máa wà, ẹ jẹ́ kí bátìrì kún. Báàgì tó bá tóbi ju ìwé A4 lọ kì í wọlé, torí náà ẹ má di kúlà ìrẹsì bí ẹni ń lọ sí Redemption Camp. Bí wọ́n ṣe ń jókòó àti ìgbà tí wọ́n ń ṣí ilẹ̀kùn, bàbá Fọlárìn ni kẹ́ ẹ bi, òun ni wọ́n fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí.

Ẹ fi báírò kọ nọ́ńbà fóònù yín sí ọmọ méjèèjì lápá. Kẹ́ ẹ sì tó kúrò nílé, ẹ bi Fọlárìn ní orúkọ tó fẹ́ kẹ́ ẹ fi pe òun bí èrò bá pọ̀. Orúkọ yòówù kó mú, òun ni kẹ́ ẹ pè lọ́jọ́ yẹn.

Ti kíkí Saka, ẹ má bá ọmọ fa ìyẹn. Bí ẹ̀yin fúnra yín bá fẹ́ kí i, ẹ kí i, kẹ́ ẹ sì pariwo ẹ̀ dáadáa. Ẹ kàn má retí pé kí Fọlárìn dọ̀bálẹ̀ níbẹ̀, àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.